Iwin Oko Bàbá Mi

Ìbídùnní dé láti Àkúrẹ́ ní aago méje,
ìrì ṣì wà lórí ewé kòkó.
Ó ní ká bọ́ gbogbo irin ara wa sílẹ̀:
bẹ́líìtì, kọ́kọ́rọ́, ọkọ́,
títí kan aago ọwọ́ mi tó ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.
Ìyá Lọ́gbosẹ́rẹ́ bọ́ yẹtí rẹ̀, ó rojú,
ó ní ṣé ọ̀run là ń lọ ni.

Iná ọyẹ́ ló kó wa débí.
Ó jó wọ inú igbó tí ẹnikẹ́ni kì í ro,
a gbọ́ gbàù! lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
ewúrẹ́ mẹ́ta ò padà wálé.

Bàbá mi, Akínmúrelé, ti sọ fún wa pé iwin ló ni ibẹ̀.
Ẹlẹ́sẹ̀ kan ni. Kò fẹ́ràn ọmọdé.
Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tán ní Oǹdó,
mo fi iwin náà ṣẹ̀rín níwájú àlejò,
mo ní, "Bàbá wa ò kàwé ni."
Ó wò mí títí.
Ó ní, "Má ṣáà dé bẹ̀."

Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí,
lónìí a kò mú ọkọ́ wá.
Òrùka wáyà kan ló rọ̀ sábẹ́ dúróònù,
ó fẹ̀ bí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí,
ó ń fò ní ìwọ̀n ìbàdí ènìyàn lórí eérú,
ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀,
bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ já bọ́ sórí ẹní.

Mo bi Ìbídùnní pé kí ló ń ṣe gan-an.
Ó ní, "Mo ń ju iná mànàmáná sínú ilẹ̀,
mo sì ń pa á lójijì,
kí n lè gbọ́ ẹni tí kò tètè dákẹ́.
Ìṣó á dáhùn, á sì dákẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú.
Àmọ́ irin tó sanra,
ohùn tiẹ̀ a máa wọ́ nílẹ̀."

Mo rántí bí a ṣe máa ń bi bàbá mi léèrè ogun,
ìgbà tí ṣọ́jà ń gba ibí kọjá lọ sọ́nà Ọ̀rẹ̀.
Á wo fìtílà.
Gbogbo wa á ti sùn
kó tó là á nu.

Méje ló yọ lójú kọ̀ǹpútà,
méje, pupa bí ṣọ̀ǹbọ̀,
èyí tó jìn jù tó gígùn apá mi sílẹ̀.
Lẹ́yìn náà, Ìbídùnní fa ojú ro.
"Kí wá ni wọ̀nyí?"
Àwọn kéékèèké, ohùn ṣókí,
wọ́n tò yí ibẹ̀ ká bí ọgbà,
ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀kan, ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀kan.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi igi rọra wa ọ̀kan nínú wọn.
Àdá ni.
Èèkù ti jẹrà, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ kù díẹ̀,
ó fi ṣóńṣó gúnlẹ̀, ó dúró ṣinṣin.

Ìyá mi máa ń bú u lọ́dọọdún,
pé àgbàlagbà wo ló ń sọ àdá nù bí ọmọdé?
Bàbá mi kì í fèsì. Á lọ sọ́jà, á ra òmíràn.
Mo ka àwọn àmì kéékèèké náà lójú kọ̀ǹpútà.
Ọ̀kànlélógójì.
Mo tún un kà.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn tó máa wú bọ́ǹbù ń bọ̀.
Ìbídùnní ti di bátìrì rẹ̀ sínú àpótí,
Ìyá Lọ́gbosẹ́rẹ́ ń wá yẹtí rẹ̀ kiri nínú koríko.
Èmi mú àdá yẹn,
mo dá a padà sínú ihò rẹ̀,
mo fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn.
Ọjọ́bọ̀ ṣì jìnnà,
ọmọdé sì pọ̀ lábà.